Àwọn EXCEL.EXE Tó Kọ̀ Tí Wọn Ò Lọ: Bí Script Ìdánwò Ṣe Ń Ti Ètò Tó Ṣí

Ẹ jẹ́ ká wo kọ̀ǹpútà Windows kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídán sọ́fítíwíà wò. Kò sí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, script kan á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: á ṣí ètò ìṣirò owó tí ilé iṣẹ́ náà ń kọ lọ́wọ́, á tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, á tẹ bọ́tìnnì tó ń kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jáde sínú fáìlì, á wá ṣí fáìlì yẹn nínú Excel, á ka iye tó wà lójú B14, á sì fi wé iye tó yẹ kó jẹ́. Tí méjèèjì bá bára mu, ìdánwò yege. Tí wọn ò bá bára mu, ó kùnà. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ẹnìkan á wá ka èsì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò séwu. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ìdánwò tó máa ń parí kíákíá á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, àwọn kan á máa kùnà láìnídìí. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager yọ, kí ẹ sì bọ́ sí abala Details. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni EXCEL.EXE, EXCEL.EXE, EXCEL.EXE, wọ́n tò gbọọrọ wálẹ̀, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ní fèrèsé lójú ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ló ń jẹ mẹ́mọ́rì. Òmíràn nínú wọn ṣì di fáìlì àná mú, kò jẹ́ kí ìdánwò tòní rí i kọ.

Ẹni tó kọ script yìí ronú nípa bí yóò ṣe ṣí ètò, bí yóò ṣe tẹ bọ́tìnnì, bí yóò ṣe ka èsì. Bí Excel yóò ṣe kúrò ńlẹ̀ ni kò rò. Ká sì sòótọ́, ìlà kóòdù kan péré ló ń gbà láti ṣí ètò. Àtitì í pa dáadáa ló ń gba ọgbọ́n, torí kò sí ètò méjì tó ń lọ lọ́nà kan náà. Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ náà ò gùn: PID ohun tí script bá ṣí ni kó dì mú, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ, kó dúró díẹ̀, tó bá kọ̀, kó fipá mú un, kó sì rí i dájú pé ó lọ tòun tàwọn ọmọ rẹ̀.

Kí ni PID? Ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní process, olúkúlùkù process ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, òun ni PID. Bí Excel mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, àmọ́ PID wọn yàtọ̀. Lórí Windows, nọ́ńbà yìí máa ń ṣeé fi 4 pín láìṣẹ́kù: 7312, 7316, 10484. Ẹ̀rọ tún máa ń kọ òbí process kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìyẹn PID ẹni tó ṣí i. Àmọ́ ikú òbí kì í pa ọmọ. Lórí Linux, bí òbí bá kú, ẹ̀rọ á fa ọmọ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sábà máa ń jẹ́ process nọ́ńbà 1. Lórí Windows, kò sẹ́ni tó máa gbà á tọ́. Ọmọ á kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nọ́ńbà òbí tó ti kú á ṣì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Windows lè ti gbé nọ́ńbà yẹn fún ètò tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí script fi lè parí kó sì lọ, tí Excel tó ṣí á ṣì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré kọ sí ìparí script wọn nìyí:

taskkill /IM EXCEL.EXE /F

Ohun tó ń sọ ni pé: gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ EXCEL.EXE, pa á, má bi í ní nǹkan kan. Àṣẹ taskkill ti wà láti ìgbà Windows XP Professional, ní 2001. Ìlà kan ṣoṣo ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kò yani lẹ́nu pé ó pọ̀ nínú script káàkiri. Síbẹ̀, mi ò ní gbà á láyè nínú script tí mo bá lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, orúkọ ò mọ olóhun. Ká ní ẹni tó kọ script náà fẹ́ wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Ó ti ṣí Excel tirẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, ó ń kọ nǹkan sí i, kò tíì tọ́jú rẹ̀. Script dé ìlà yẹn, Excel tirẹ̀ àti ti script jọ lọ. Tàbí ká ní ìdánwò méjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ kan kí iṣẹ́ lè yá: èyí tó bá kọ́kọ́ parí á pa Excel èkejì lẹ́nu iṣẹ́, èkejì á kùnà, ẹni tó bá sì ka èsì á máa wá àṣìṣe nínú ètò ìṣirò owó tí kò ṣe nǹkan kan. Irú ìkùnà báyìí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àsìkò bá bára pàdé, òun ló sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ìdánwò àwọn kàn ń ṣe ségesège.

Ìkejì, /F kì í fún ètò láyè kankan. Windows á ké e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ètò náà ò ní ráyè tọ́jú nǹkan, kò ní ráyè pa fáìlì kékeré tó fi sílẹ̀ rẹ́. Nígbà tí Excel bá ṣí owo-osu.xlsx, ó máa ń fi fáìlì kan tó fara pamọ́, ~$owo-osu.xlsx, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ẹnìkan wà nídìí ìwé náà. Bí Excel bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń pa á rẹ́. Bí wọ́n bá fipá ké e kúrò, fáìlì yẹn lè ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n bá sì tún ṣí Excel, ó lè kó àwọn ìwé tó ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ké e kúrò sí apá òsì ojú ẹ̀rọ, kó máa béèrè èwo ni kó dá padà. Script kì í retí apá òsì yẹn. Ìdánwò alẹ́ òní á kùnà nítorí bí ìdánwò alẹ́ àná ṣe parí.

Irinṣẹ́ olówó ńlá náà ní irú àṣẹ tó ń fi orúkọ pa ètò báyìí. QuickTest Professional, tí Mercury ṣe, tí HP rà pẹ̀lú Mercury ní 2006, tó sì wà lọ́wọ́ OpenText lónìí, ní SystemUtil.CloseProcessByName. Irinṣẹ́ kan náà ní CloseProcessById, èyí tó ń gba PID, àti CloseDescendentProcesses, èyí tó ń ti ohun tí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣí. Àwọn méjì tó kẹ́yìn ni mo fara mọ́, àmọ́ ti orúkọ ni mo sábà máa ń rí nínú script àwọn èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá wà lórí Linux, killall àti pkill ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. pkill ń wo lẹ́tà 15 àkọ́kọ́ nìkan nínú orúkọ process, torí ibẹ̀ ni ohun tí Linux ń tọ́jú mọ. Ètò tí orúkọ rẹ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ náà tán pátápátá, pkill á ní òun ò rí i. Ti killall burú jù. Lórí Linux, orúkọ tẹ́ ẹ bá fún un ló ń wá. Lórí Solaris àtijọ́, gbogbo process tó bá rí ló ń pa. Ẹni tó bá ń gbé script láti ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Báwo la ṣe wá ń ti ètò pẹ̀lú pẹ̀lẹ́? Lórí Windows, tẹ́ ẹ bá pe taskkill láìfi /F sí i, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ WM_CLOSE ló máa rán sí fèrèsé ètò náà. Ohun kan náà ni fèrèsé ń gbọ́ nígbà tí èèyàn bá tẹ X pupa lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ètò náà lè tọ́jú nǹkan, ó lè nu fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ̀ nù, ó sì lè sọ pé òun ò lọ. Tí àtúnṣe tẹ́nì kan ò tíì tọ́jú bá wà nínú ìwé, Excel á gbé àpótí kékeré kan jáde, á béèrè bóyá kó tọ́jú rẹ̀ àbí kó má tọ́jú rẹ̀. Èèyàn á dáhùn. Script tí wọn ò kọ́ ní ìdáhùn á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fún ìdí yìí, kí script tó sọ pé kí Excel máa lọ, kó ti ìwé tó ṣí pa, kó sì sọ kedere pé òun ò fẹ́ tọ́jú àtúnṣe. Nínú Excel, ẹ tún lè sọ DisplayAlerts di False kí àpótí yẹn má yọ rárá. Ètò tí kò bá ní fèrèsé kankan, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú dúdú Command Prompt, kì í gbọ́ WM_CLOSE ní tirẹ̀. taskkill á sọ fún yín ní tààràtà pé /F nìkan ló lè pa á.

Lórí Linux, àmì tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń rán. Àmì 15, SIGTERM, ń sọ pé: jọ̀ọ́, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ kó o máa lọ. Ètò lè gbọ́ ọ, ó lè múra, ó lè kọ etí ikún sí i. Àmì 9, SIGKILL, ètò náà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó dé. Inú ẹ̀rọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi 9 bẹ̀rẹ̀. Èdè Python fi àwọn méjèèjì sí ọ̀nà méjì, terminate àti kill, ó sì rọrùn láti rò pé ibi gbogbo ni wọ́n ti yàtọ̀. Lórí Windows, ọ̀kan náà ni wọ́n: méjèèjì ló ń ké ètò kúrò lójijì. Ẹni tó kọ terminate sínú script rẹ̀ lórí Linux, tó rò pé òun ń fi sùúrù ṣe é, á gbé e dé Windows, á sì máa pa nǹkan láìmọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ PID, ohun tí script máa ṣe lórí Windows fún ètò tó ní fèrèsé ò ju báyìí lọ:

taskkill /PID 7312
tasklist /FI "PID eq 7312"
taskkill /PID 7312 /T /F

Ìlà kìíní ń sọ fún un pé kó máa lọ. Láàárín ìlà kìíní àti ìkẹta, script á dúró, á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra pẹ̀lú ìlà kejì. Bí tasklist bá ní òun ò rí process kankan tó bá nọ́ńbà yẹn mu, ó ti tán, ìlà kẹta ò wúlò mọ́. Báwo ló ṣe yẹ kó dúró pẹ́ tó? Ìṣẹ́jú àáyá 10 kò burú láti bẹ̀rẹ̀. Iye yẹn ni àṣẹ docker stop ń fún àpótí (container) Linux láàárín àmì 15 àti àmì 9 tẹ́nì kan ò bá yí i padà. Kubernetes ń fún wọn ní 30. Ohun tí mo kórìíra ni ká kàn sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìwo nǹkan kan. Ìdánwò tó pọ̀ á máa jókòó lásán nígbà tí ètò ti lọ tipẹ́, lọ́jọ́ tí ètò bá sì nílò 11, sísùn yẹn ò ní gbà á là.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni PID tí script dì mú jẹ́ ti ètò tó ń wá. Láti Windows 10, tẹ́ ẹ bá pe calc.exe, ó máa ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìṣirò gidi, tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, òun fúnra rẹ̀ á sì parí lójú ẹsẹ̀. PID tó wà lọ́wọ́ yín ti kú kí ẹ̀rọ ìṣirò tó yọ. Chrome náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí Chrome kan bá ti wà ńlẹ̀ pẹ̀lú profile kan náà, èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí á fa àdírẹ́sì ojú-ewé lé e lọ́wọ́, á sì lọ. Kí script ìdánwò máa fún bùráúsà ní profile tirẹ̀, fódà òfìfo tó jẹ́ ti ìdánwò yẹn nìkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Excel, torí tirẹ̀ ló ṣòro jù. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán Excel lójú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ script ń gbà ṣí i. Ọ̀nà COM ni wọ́n ń gbà: script á sọ fún Windows pé òun ń fẹ́ Excel.Application, Windows á bá a wá a. Èyí túmọ̀ sí pé script kọ́ ni òbí Excel yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn svchost.exe tó jẹ́ ti Windows ni. Tẹ́ ẹ bá wá àwọn ọmọ script yín, Excel ò ní sí láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá fi /T pa script pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀, Excel á wà níbẹ̀ ní àlàáfíà. Ọ̀nà tí script fi lè mọ PID rẹ̀ ni kó béèrè lọ́wọ́ Excel fúnra rẹ̀. Excel ní ohun kan tó ń jẹ́ Hwnd, nọ́ńbà fèrèsé rẹ̀. Ẹ gbé nọ́ńbà fèrèsé yẹn fún GetWindowThreadProcessId ti Windows, á sì fún yín ní PID. Ìgbà tí Excel bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni kẹ́ ẹ ti ṣe èyí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí nǹkan bá ti dàrú, Excel lè má dáhùn mọ́.

Ìdí tí Excel kì í fi lọ lẹ́yìn tí script ti pe Quit ni pé COM ń ka iye àwọn tó ṣì di nǹkan kan mú nínú Excel. Quit á ti fèrèsé, àmọ́ tí script bá ṣì di ìwé kan, ojú-ewé kan, tàbí àpótí B14 kan ṣoṣo mú, Excel á jókòó dè é lábẹ́lẹ̀. Nínú C#, ẹni tó bá kọ excel.Workbooks.Open ti di Workbooks mú láìfún un lórúkọ, kò sì ní rí ohun tó máa fi tú u sílẹ̀. Ìyẹn làwọn tó ti jìyà rẹ̀ ṣe ń kìlọ̀ pé kéèyàn má ṣe fi àmì ìdánudúró méjì léra wọn nínú ìlà kan tó bá ń bá Excel sọ̀rọ̀: kó kọ́kọ́ fún Workbooks lórúkọ, kó ṣí ìwé láti ibẹ̀, kó sì tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù dé orí Excel fúnra rẹ̀. Ó ń súni láti kọ. Ó sàn ju kéèyàn máa ka EXCEL.EXE lówùúrọ̀ lọ.

Ti bùráúsà rọrùn díẹ̀. Ẹni tó ń lo Selenium, èyí tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ní ọ̀nà méjì tó jọra lójú: close àti quit. close ń ti fèrèsé tó wà níwájú. quit ló ń parí gbogbo iṣẹ́ náà, òun ló sì ń sọ fún chromedriver, ètò àárín tó ń gbé àṣẹ script lọ fún Chrome, pé kó máa lọ. Ẹni tó bá ń pe close nìkan, Chrome rẹ̀ á lọ lójú, chromedriver.exe á máa pọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fipá pa chromedriver láìpe quit sábà máa ń fi Chrome sílẹ̀ láìní alágbàtọ́. Fódà tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú scoped_dir náà á ṣẹ́kù sínú Temp. Tí dísíìkì ẹ̀rọ ìdánwò yín bá ń kún láìsí ẹni tó kó nǹkan sí i, ẹ wo ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan náà ló ń da àwọn tó ń ṣí sáfà fún ìdánwò láàmú. Script á pe npm start. Npm á ṣí shell, shell á ṣí node, node ló sì jókòó lórí port 3000. PID tó wà lọ́wọ́ script, ti npm ni. Tó bá fi 9 pa á, node á ṣì wà níbẹ̀, ìdánwò tó kàn á sì gbọ́ pé port ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lórí Linux, ohun tó tọ́ ni kí script fi start_new_session ṣí i, kí gbogbo wọn lè wà nínú ẹgbẹ́ kan, kó wá rán àmì sí ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú killpg. Ní Windows, /T ń tẹ̀ lé nọ́ńbà òbí látòkè délẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tí kò bá sí ẹni tó ti kú láàárín. Tí ẹni àárín bá ti kú, okùn ti já.

Èyí tó lágbára jù lórí Windows ni Job Object, tó ti wà láti Windows 2000. Script á dá job kan sílẹ̀, á fi ètò tó ṣí sínú rẹ̀, á sì fi àmì JOB_OBJECT_LIMIT_KILL_ON_JOB_CLOSE sí i. Láti ìgbà yẹn, ọmọ tí ètò náà bá bí á wà nínú job, àyàfi tí wọ́n bá dìídì gbà á láyè láti jáde. Lọ́jọ́ tí script bá parí, tàbí tó kú lójijì láìdágbére, Windows á ti job náà, gbogbo àwọn inú rẹ̀ á sì bá a lọ. Linux ní cgroup fún irú iṣẹ́ yìí, láti Linux 5.14 ti 2021 sì ni fáìlì kan tó ń jẹ́ cgroup.kill ti wà nínú rẹ̀: ẹ kọ 1 sí i, gbogbo àwọn inú ẹgbẹ́ náà á kú pọ̀. Àmọ́ Excel tó gba ọ̀nà COM wọlé kò sí nínú job yín. svchost ló bí i. Tirẹ̀, PID tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níṣàájú ni kẹ́ ẹ lò.

Níbo la máa kọ gbogbo èyí sí? Kì í ṣe ìlà tó gbẹ̀yìn ìdánwò. Ìdánwò tó bá kùnà kì í dé ìlà tó gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá kùnà gan-an ni ètò máa ń ṣẹ́kù. Láti ayé JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma kọ ní 1997, ni àyè tó ń jẹ́ tearDown ti wà, tí ẹ̀rọ máa ń dé yálà ìdánwò yege tàbí ó kùnà. Ó ní ihò kan: nínú unittest ti Python, tí setUp fúnra rẹ̀ bá kùnà, tearDown ò ní ṣẹlẹ̀. Ká ní setUp ṣí Excel, ó wá kùnà nígbà tó fẹ́ ṣí ìwé. Excel ti wà ńlẹ̀ nìyẹn. addCleanup ni kẹ́ ẹ lò: ìlà tó bá tẹ̀ lé èyí tó ṣí Excel ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kí títì náà ti wà nílé kí ohun tó kàn tó ṣẹlẹ̀. Nínú pytest, yield tó wà nínú fixture ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí try àti finally bá yí i ká.

Kò sí èyí nínú tearDown, addCleanup àti fixture tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹnìkan bá fi 9 pa script fúnra rẹ̀. Fún ìyẹn, kí script máa kọ PID tó ṣí sínú fáìlì kan, pẹ̀lú àsìkò tí process náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá tún jí, kó kọ́kọ́ ka fáìlì yẹn. Tí PID náà bá ṣì wà, tí àsìkò rẹ̀ sì bára mu, tiwa ni, kó pa á. Tí àsìkò bá yàtọ̀, ẹlòmíràn ló ti gba nọ́ńbà yẹn. Kó fi í sílẹ̀. Ilé ìkàwé kóòdù psutil fún Python ti ń ṣe àyẹ̀wò àsìkò yìí fúnra rẹ̀ kó tó pa nǹkan.

Àwọn sáfà tó ń ṣe ìdánwò ní àdáṣe náà máa ń gbálẹ̀ lẹ́yìn yín. Jenkins ń fi àmì kan sí àyíká iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ bá sì parí, á wá gbogbo process tó bá gbé àmì yẹn, á pa á. GitHub Actions ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ èsì pé òun ń kó àwọn process aláìníòbí kúrò, pẹ̀lú PID àti orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á dé ibẹ̀ tí ìdánwò bá ti yege. Mo máa ń kà á.

Ìdí ni pé ètò tí a ń dán wò náà lè jẹ́ ẹni tó fi Excel sílẹ̀. Ẹ rántí bọ́tìnnì tó ń kó owó oṣù jáde. Tí ètò ìṣirò owó náà bá ń pe Excel lábẹ́lẹ̀ láti ṣe fáìlì yẹn, tí kò sì tú u sílẹ̀, oníbàárà tó bá tẹ bọ́tìnnì náà lójoojúmọ́ á bá EXCEL.EXE tó tò gbọọrọ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àṣìṣe gidi nìyẹn, iṣẹ́ ìdánwò sì ni láti rí i. Script tó bá fi /IM EXCEL.EXE /F parí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń pa á mọ́ lálaalẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí script ṣe ni kó ka PID gbogbo EXCEL.EXE tó wà ńlẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó tún kà wọ́n nígbà tó bá parí. Lórí ẹ̀rọ tí kò sẹ́lòmíràn nídìí rẹ̀, èyí tó bá jẹ́ tuntun, tí kò sì sí nínú àwọn tí script fúnra rẹ̀ ṣí, ètò ìṣirò owó ló ni ín. Kí ìdánwò kùnà lórí ìyẹn. Kó kọ PID rẹ̀ àti ìlà àṣẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ sínú èsì, torí èyí tó bá gba ọ̀nà COM wọlé máa ń ní -Embedding lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá pa á.